Ṣàmsúdéènì àti Ọmọlanke Kérésìmesì

Ọdún méjìdínlógún ni Ṣàmsúdéènì Àjíṣafẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ó tó tẹ̀lé Kúbúrá ìyàwó rẹ̀ wá sí London. Nígbà tí wọ́n dé Peckham, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Mọ́ọ̀pù ni agency kan tó ń bá ènìyàn wáṣẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Ilé ìtajà ńlá kan láàárín ìlú ni wọ́n mú un sí, alájà mẹ́fà, irú èyí tí àwọn olówó ti ń rajà níbẹ̀ láti ayé bàbá ńlá wọn. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń nu ilẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Bí àwọn oníbàárà bá ti ń wọlé, iṣẹ́ tirẹ̀ ti parí nìyẹn, á wọ bọ́ọ̀sì 12, á sì padà sílé.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí pé ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tèmi ní estate wa. Ọkùnrin gíga ni, ẹ̀yìn rẹ̀ gún ṣánṣán, kì í sì í pariwo. Bó bá bá ọmọdé lórí àtẹ̀gùn tó ń ka ìwé, á dúró bi í pé kí ló ń kà. Ohun kan ṣoṣo tí kò fẹ́ ni kí ènìyàn bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. "Mo wà ní ilé ìtajà kan," ló máa ń sọ, á sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Kúbúrá kò ráyè yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn. Ó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́sálásí wa. Nínú ẹgbẹ́ náà, Mìsítúrà ni gbogbo wọn ń wárí fún, torí pé council ni ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ní ọ́fíìsì tirẹ̀. Mìsítúrà kì í bú ènìyàn. Bí wọ́n bá ti ń dá owó nǹkan kan jọ ni á kàn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n má yọ Kúbúrá lẹ́nu, ṣé wọ́n mọ irú iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe. Kúbúrá á rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Tó bá délé, ọkọ rẹ̀ ni yóò jẹ ìyókù ẹ̀rín náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, àwọn aláṣẹ ilé ìtajà náà pinnu pé àwọn yóò ṣe Kérésìmesì àrà ọ̀tọ̀. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ilé náà dà bí ó ṣe rí ní nǹkan bí ọdún 1910, kí àwọn tó bá wá ra ẹ̀bùn lè rí bí àwọn ìyá ńlá wọn ṣe ń rà á. Ẹni tí wọ́n fi ètò náà sí lọ́wọ́ ni Malachi, ọmọ Ìbídùn tó ni ṣọ́ọ̀bù tí Kúbúrá ti ń dirun. Estate wa níbí ni wọ́n ti bí Malachi. Nígbà tó ń múra ìdánwò GCSE tí wọ́n fi ń jáde girama, orí tábìlì ilé ìdáná Ṣàmsúdéènì ló ti kọ́ ìtàn tó fi yege, lálaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì fún odindi ọdún kan, Ṣàmsúdéènì kò sì gba kọ́bọ̀.

Malachi rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan tó ń ti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọjá, ó sì dá a dúró. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Uncle, ẹ ga, ẹ sì gbé ara yín dáadáa," ó ní. "I want you on the front door. Ẹ gbé mọ́ọ̀pù yẹn kalẹ̀, I'll sort it with the agency."

Wọ́n rán kóòtù fún un, aṣọ òtútù aláwọ̀ aró tó gùn dé kókósẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Wọ́n fún un ní fìlà dúdú gíga. Wọ́n tún fún un ní ìwé pẹlẹbẹ kan tó ṣàlàyé ayé ìgbà náà, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó jókòó ti Kúbúrá àti Hameedah ọmọ wọn, ó ń sọ ọ́ fún wọn. Ó ní nígbà náà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló ń gbé àwọn ìyá olówó wá. Wọ́n á jókòó sórí àga níwájú káńtà, àwọn ọmọbìnrin tó ń tajà á máa gbé ìbọ̀wọ́, lọ́fínńdà àti bèbí aláwọ̀ tánganran wá síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun tó rà. Ilé ìtajà ló ń kó o lọ bá wọn nílé. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ orúkọ ìyá kọ̀ọ̀kan, ó mọ iye ọmọ tó bí. Ó ní Rye Lane tiwa níbí gan-an, níbi tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ike fóònù lónìí, ilé ìtajà ńlá ló tò síbẹ̀ nígbà yẹn, àwọn ènìyàn á wọ tíráàmù, ọkọ̀ tó ń rìn lórí irin láàárín títì, wá láti wo fèrèsé wọn tí Kérésìmesì bá ti sún mọ́lé. Hameedah ń wo fóònù rẹ̀, ṣùgbọ́n Kúbúrá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn olùkọ́ yẹn lẹ́nu ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, Kúbúrá bá a dé ibẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi bàbá Hameedah ṣe ọ̀gá ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ló kí i kú oríire. 

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ṣàmsúdéènì fi wà lẹ́nu ọ̀nà náà. Ó sọ fún mi pé òun kò rántí ìgbà tí inú òun dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti dé ìlú yìí. Ó ń ṣílẹ̀kùn, ó ń kí wọn káàárọ̀, ó ti mọ orúkọ àwọn kan lára àwọn àgbàlagbà tó ń wá déédéé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá òyìnbó kan tí irun rẹ̀ funfun báláú dé. Ṣàmsúdéènì di ilẹ̀kùn mú fún un. Ìyá náà dúró sáàárín ilẹ̀kùn, ó wò ó, kò dá a lóhùn. Ó yíjú sí Malachi tó dúró nítòsí, ó sì bá a sọ̀rọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní gbogbo rẹ̀ dára, ó wuyì, àfi ohun kan. Ìyá ìyá òun ń rajà níbẹ̀ ní ayé ìgbà yẹn, kò sì lè jẹ́ irú ọkùnrin yìí ni yóò wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí wọ́n ṣe é dáadáa. Malachi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́, Ṣàmsúdéènì ṣì di ilẹ̀kùn náà mú, nítorí pé ìyá náà kò tíì kúrò lójú ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Malachi pè é sí yàrá tí wọ́n ń kó àpótí sí. Ọmọkùnrin òyìnbó kan tí kò tíì pé ogún ọdún dúró tì í.

"Uncle, ẹ má bínú o," Malachi bẹ̀rẹ̀. "It has to be authentic. Ẹ mọ̀ pé nígbà yẹn, irú wa kọ́ ló máa wà ní front door."

Ṣàmsúdéènì dá a lóhùn pé àwọn ènìyàn dúdú wà ní London nígbà náà, wọ́n sì wà lóríṣiríṣi iṣẹ́, pé orí tábìlì òun ni Malachi ti kà á.

"Uncle, mo mọ̀. You taught me," Malachi ní. "Àmọ́ àwọn customer ò mọ̀."

Ó ní kí ó bọ́ kóòtù náà fún ọmọkùnrin yẹn. Kóòtù náà tóbi ju ọmọ náà lọ, bọ́tìnnì òkè sì le, ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Malachi ní kí Uncle jọ̀wọ́ bá a dè é. Ṣàmsúdéènì bẹ̀rẹ̀, ó de bọ́tìnnì náà láti ìsàlẹ̀ títí dé ọrùn, ó sì tún fìlà náà ṣe lórí ọmọ náà kí ó má baà bo ojú rẹ̀.

Iṣẹ́ mìíràn wà fún un, Malachi ní, kò ní jẹ́ kí Uncle òun lọ sílé lásán. Ní àjà kẹrin, níbi tí wọ́n ń ta ohun ìṣeré ọmọdé, wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ ẹrù onígi kan kalẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí wọ́n kùn ní pupa. Irú èyí ni wọ́n fi ń kó ẹ̀bùn lọ sílé àwọn oníbàárà láyé ìgbà náà. Wọ́n to àpótí òfìfo tí wọ́n fi bébà aláràbarà wé sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ níwájú fún ọmọ kan láti jókòó. Ẹni kan ni yóò dúró láàárín igi méjì tó yọ síwájú, yóò gbé bẹ́líìtì awọ kọ́ àyà, yóò sì máa fa ọmọ náà yípo igi Kérésìmesì tí àwọn òbí rẹ̀ bá ń ya fọ́tò. "Parcels for madam" ni kí ó máa ké. Kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Aṣọ rẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀tì tó gbó àti fìlà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi eérú kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó ti mọ ohun tí wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ náà. Ọmọlanke ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Ṣàmsúdéènì, olùkọ́ ìtàn, bàbá tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ń pè ní Tíṣà.

Ó bi Malachi bóyá òun lè padà sídìí mọ́ọ̀pù. Malachi ní agency ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀ títí di January. Ìyẹn ni pé bó bá kọ ọmọlanke, ilé ló ń lọ. Ó rántí fọ́tò tí Kúbúrá fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Ó gbé bẹ́líìtì náà kọ́ àyà.

Kò sọ fún Kúbúrá. Bó bá délé, á ní ẹnu ọ̀nà tutù lónìí, á ní ìyá báyìí-báyìí béèrè òun. Nígbà tí Kúbúrá rí àpá pupa tí bẹ́líìtì fà sí i láti èjìká dé ìhà, Ṣàmsúdéènì ní ilẹ̀kùn náà ló wúwo. Kúbúrá fi òróró pa á fún un. Ogún ìgbà, ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́ ló ń yí igi náà po. Àwọn ọmọ mìíràn á máa fi ẹsẹ̀ ta á lẹ́yìn kí ó lè yára, àwọn ìyá wọn á sì máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ju ìpápánu sí i, ó ní kí ó fi ẹnu mú un bí ẹṣin. Bàbá ọmọ náà ní kí ọmọ náà tún un jù, nítorí pé kámẹ́rà òun kò tíì ṣetán.

Ohun tí òun náà kò mọ̀ ni pé Kúbúrá ti ń ṣètò tirẹ̀. Ó ti sọ fún ẹgbẹ́ pé kí gbogbo wọn jáde ní Sátidé tó kẹ́yìn kí Kérésìmesì tó dé, kí wọ́n lọ wo iná àárín ìlú, kí wọ́n ra ẹ̀bùn fún àwọn tíṣà ọmọ wọn àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí bàbá Hameedah sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀ nítorí ó fẹ́ bá a lójijì. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Mìsítúrà mú ọmọ ọmọ rẹ̀ kan dání, ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún tó ń jẹ́ Nusaybah.

Ọmọkùnrin òyìnbó ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Kúbúrá bi í léèrè ọkùnrin dúdú gíga tó máa ń wà níbẹ̀, ọmọ náà ní òun kò mọ ẹni tó ń sọ. Kúbúrá sọ fún àwọn yòókù pé ó ṣeé ṣe kó ti lọ jẹun. Nusaybah ń sunkún pé òun fẹ́ rí ohun ìṣeré, wọ́n sì gun òkè lọ sí àjà kẹrin.

Ṣàmsúdéènì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn igi Kérésìmesì nígbà tí wọ́n rí i. Ó tẹ̀ síwájú, bẹ́líìtì wà láyà rẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ọmọ òyìnbó kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ojú mẹ́rin. Ó dúró.

"Kúbúrá," Mìsítúrà ní, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè, "ṣé kì í ṣe bàbá Hameedah nìyẹn?"

Ṣàmsúdéènì sọ fún mi pé ìṣẹ́jú yẹn gùn. Ó ní òun ti mọ̀ pé Kúbúrá yóò bínú, òun sì ti gbà pé kó gbá òun létí níwájú gbogbo ayé. Kúbúrá wò ó dáadáa láti fìlà dé bàtà, bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan.

"Rárá o," ó ní. "Bàbá Hameedah ti lọ sí Nàìjíríà láti Ọjọ́rú. Ìdí tí ẹ ṣe bá ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn."

Àwọn obìnrin náà, gbogbo wọn ló mọ Ṣàmsúdéènì. Mẹ́ta nínú wọn ti jẹun ní ilé rẹ̀ nígbà tí Hameedah parí ilé-ìwé.

Mìsítúrà mi orí. Ó ní ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń jọra. Lẹ́yìn náà ó gbé Nusaybah, ó gbé e ka orí ọmọlanke náà ní àyè tí ọmọ òyìnbó yẹn ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó ní kí Kúbúrá wá dúró ti ọmọ náà kí fọ́tò lè dùn. Kúbúrá lọ dúró níbẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù. Ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí i ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, kò sì wo ojú rẹ̀.

Malachi ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn káńtà. Ó mọ Aunty Kúbúrá, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí Ṣàmsúdéènì pé kí ó máa lọ, àwọn ènìyàn ti tò sẹ́yìn. Ṣàmsúdéènì fa Nusaybah yípo igi náà. "Parcels for madam," ló ń ké. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, ó sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá jẹ́ kó gbọ̀n, wọn yóò mọ̀ pé òun ni.

Ó délé ní agogo méje. Kúbúrá ń ro ẹ̀bà. Ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì jókòó sí apá kejì.

"Ọjọ́rú lẹ lọ," ó ní. "Ẹ má gbàgbé. Ẹ ò gbọdọ̀ yọjú sí mọ́sálásí, ẹ ò sì gbọdọ̀ gba Rye Lane."

Ṣàmsúdéènì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé kò mọ̀ pé gbogbo wọn dá òun mọ̀ ni. Kúbúrá ní òun mọ̀. Ó ní wọ́n lè mọ ohun tó wù wọ́n, ohun tí òun fi ẹnu ara òun sọ ni òun ń dáàbò bò. 

Ní ọjọ́ Ajé, Hameedah ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá rẹ̀. Ó sọ fún un pé fídíò ọmọlanke náà ti dé ọ́fíìsì àwọn, ẹnì kan gbé e sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá òun sì fi han gbogbo wọn. "Daddy, I didn't tell them it was you," ó ní. "Everybody was laughing, so mo rẹ́rìn-ín náà." Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Bàbá rẹ̀ ní kò burú, ó sì dìde lọ wẹ̀.

Ó fa ọmọlanke náà títí di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ní January ó lọ sí agency láti gba mọ́ọ̀pù rẹ̀ padà. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n fi dípò rẹ̀ ń ṣe dáadáa, ó sì jẹ́ ọ̀dọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ó ń padà bọ̀. Ó pe Malachi lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin. Níkẹyìn Malachi gbé e, ó ní òun rò pé Uncle mọ̀ pé iṣẹ́ ìgbà Kérésìmesì nìkan ni, ó ní òun ń wọ ìpàdé. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, Ìbídùn gbé àkàrà òyìnbó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń pín in fún gbogbo àwọn tó ń dirun. Wọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ ga, ó ti di ọ̀gá lórí ètò ilé ìtajà mẹ́ta. Kúbúrá jẹ tirẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fún un ní púpọ̀ sí i.

Látìgbà yẹn Sydenham ni Ṣàmsúdéènì ń lọ kírun Jímọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Bó bá fẹ́ na ẹsẹ̀, ẹ̀yìn Peckham Rye Common ló ń gbà lówùúrọ̀ kùtù, ó fa fìlà ẹ̀wù òtútù rẹ̀ bo orí. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé rẹ̀, tó sì sọ gbogbo èyí fún mi. Ó ní òun ti rí Mìsítúrà lẹ́ẹ̀kan ní ibùdó bọ́ọ̀sì ní Sydenham. Òun kò rí ibi sá sí. Mìsítúrà kúnlẹ̀ kí òun dáadáa, níwájú àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó sì béèrè pé ṣé Nàìjíríà dùn, ṣé ooru mú. Òun dá a lóhùn pé ooru mú gan-an.

Nígbà tó délé lọ́jọ́ yẹn, ó bá Kúbúrá tó ń to aṣọ tó fọ̀. Ó bi í pé oṣù mélòó ló fẹ́ kí òun lò ní Nàìjíríà yìí. Kúbúrá ń ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ, kò gbé ojú sókè.

"Ẹ jẹ́ ká gba ààwẹ̀ tán ná," ó ní. "Àwọn ènìyàn sáà máa ń padà dé lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀."

Ṣàmsúdéènì ka oṣù náà lórí ìka. Ó ní ó dára, ó sì bá a gbé aṣọ náà wọ yàrá.